Epo Pupa, Gíríìsì àti Ẹsẹ̀ Tírélà: Ìtàn Kan láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀

Tírélà tí wọ́n ti já orí rẹ̀ kúrò kì í ṣe nǹkan tuntun lójú ẹni tó bá ń gba títì Òṣòdì sí Àpápá. Orí, ìyẹn apá tí dírẹ́bà ń jókòó sí, ti bá tirẹ̀ lọ. Ara nìkan ló kù, ó nà gbọọrọ pẹ̀lú kọ̀ǹténà lẹ́yìn. Táyà wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí táyà níwájú. Kí ló wá gbé iwájú dúró? Ẹsẹ̀ irin méjì ni. Ojoojúmọ́ là ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá nínú dánfó, a kì í wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ru iwájú ẹrù tó lè tó tọ́ọ̀nù 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa tí a ń kọ ìtàn fẹ́ràn ọba, a fẹ́ràn ogun, a sì fẹ́ràn ọjọ́ tí gómìnà gé rìbọ́ọ̀nù. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìtàn ohun tí wọ́n fi ń pa irin lára kó lè máa yí. Ìdí nìyẹn tí a fi mú un lónìí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lásán ni o. Tí ẹ bá tẹ̀ lé wa, ẹ máa rí i pé epo pupa ilẹ̀ wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà, orúkọ Òṣòdì fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà náà sì wà níbẹ̀.

Kí ni ẹsẹ̀ tírélà?

Jáàkì ni. Gbogbo wa la mọ jáàkì tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò sókè láti pààrọ̀ táyà. Ẹsẹ̀ tírélà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Páìpù irin kan wà nínú páìpù mìíràn, bí ìgbà tí èèyàn ti àpótí kékeré bọ inú àpótí ńlá. Láàárín wọn ni ọ̀pá irin kan wà tí wọ́n gé ojú yíyí sí lára, gẹ́gẹ́ bíi ti bóòtù. Nọ́ọ̀tì kan gun ọ̀pá yìí, ó sì so mọ́ páìpù inú. Tí ẹni kan bá mú ọwọ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, tó ń yí i, eyín gíà á gbá ara wọn mú, wọ́n á yí ọ̀pá, nọ́ọ̀tì á máa gun ọ̀pá náà lọ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa sọ̀kalẹ̀ tàbí kó máa gòkè. Ìyípo kan kò gbé e ju díẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ènìyàn kan ṣoṣo fi lè borí ẹrù tí ogún ọkùnrin ò lè gbé: ohun tí a kò rí nínú agbára, a fi sùúrù san án.

Ṣùgbọ́n irin kì í fara kan irin lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ń ha ara wọn, wọ́n á gbóná, wọ́n á máa jẹ ara wọn, nígbẹ̀yìn wọ́n á há. Tí omi bá tún wọ̀ ọ́, irin á dógùn-ún. Ohun tí wọ́n ń fi sáàárín wọn kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ ni gíríìsì. Ẹ wò ó bí àgbà tó dúró láàárín àwọn méjì tí ń bá ara wọn jà: òun ló ń gba ìyà, àwọn tó ń jà ni kò fara pa.

Ọkọ̀ ojú omi ló bí tírélà

Ní 1914, oníṣòwò pákó kan wà ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, Frederick Sibley lorúkọ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó sì ní mọ́tò Ford Model T. Ó fẹ́ kí mọ́tò fa ọkọ̀ náà lọ sétí omi. Ó bá lọ bá alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ August Fruehauf, ẹni tó ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà. Fruehauf kan nǹkan kan tó ní táyà lẹ́yìn nìkan, ó so iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Ó ṣiṣẹ́. Inú Sibley dùn débi pé ó ní kó tún kan irú rẹ̀ fún òun láti fi kó pákó. Àwọn oníṣòwò mìíràn rí i, wọ́n ní kó ṣe tiwọn. Nígbà tó di 1918, Fruehauf ti dá ilé iṣẹ́ tírélà sílẹ̀.

Ẹ rí i báyìí: tírélà tó ń gbé kọ̀ǹténà kọjá níwájú Ìyànà Ìsọlọ̀ lónìí, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti kẹ̀kẹ́ tí àwọn olówó Ìkòyí àti Lẹ́kí fi ń fa ọkọ̀ ojú omi wọn lọ sétí ọ̀sà. Ìṣòro kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ohun tí kò ní táyà níwájú kò lè dá dúró tí ẹni tó ń fà á bá lọ. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní jáàkì kan ṣoṣo níwájú. Tírélà ní méjì. Ohun tó wà nínú wọn jọra: ọ̀pá oníyíyí, nọ́ọ̀tì, gíà àti gíríìsì.

Òṣòdì àti ọ̀rọ̀ epo

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló so orúkọ Òṣòdì mọ́ Òṣòdì Tápà. Ọmọ Tápà ni, ẹrú sì ni nígbà tó kọ́kọ́ dé ààfin Èkó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àti ìgboyà gbé e ga títí ó fi di olórí ogun fún Ọba Kòsọ́kọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò nílùú. Ẹ̀pẹ́ ló padà fi ṣe ibùjókòó, Òṣòdì Tápà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1854, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: kò ní gba Èkó mọ́, kò ní ta ẹrú mọ́, wọ́n á sì jẹ́ kó máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kí. Òwò wo? Òwò epo pupa ni. Ní 1862, Òṣòdì Tápà àti àwọn èèyàn rẹ̀ padà sí Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Ó kú ní 1868.

Nínú ọdún 1851 yẹn kan náà, ọkùnrin kan ní New York, Richard Dudgeon, gba ìwé àṣẹ fún jáàkì tí ń lo omi tàbí òróró láti ti ẹrù sókè. Irú rẹ̀ ni jáàkì bí ìgò tí ó wà lọ́wọ́ fọganáísà lónìí. Àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn, Dudgeon àti Òṣòdì. Ṣùgbọ́n ayé kan náà ni wọ́n ń gbé, ayé tí irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, tí ebi epo sì ń pa irin.

Kí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi epo pupa ṣe? Wọ́n kúkú kì í fi í se ọbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣòfin pé kí àwọn èèyàn wọn má ta ẹrú mọ́ ní 1807, àwọn oníṣòwò Liverpool ti yíjú sí epo. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, wọ́n sì fi ń pa irin lára. Ẹ̀rọ ń yí ní ilé iṣẹ́ aṣọ wọn, ọkọ̀ ojú irin ń sáré lórí ilẹ̀ wọn, gbogbo rẹ̀ ló sì ní ibi tí irin ti ń ha irin. Ní 1835, Henry Booth, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ọkọ̀ ojú irin Liverpool sí Manchester sílẹ̀, gba ìwé àṣẹ fún gíríìsì tí wọ́n ń fi sí ọ̀pá táyà ọkọ̀ ojú irin. Ohun tó pò pọ̀ kò le: ọ̀rá màlúù, epo pupa, sódà àti omi.

Ẹ dúró níbí díẹ̀. Epo, ọ̀rá, sódà, omi. Ṣé kò jọ nǹkan kan létí yín? Ọṣẹ nìyẹn! Ìyá tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú nílé, tó ń da omi eérú mọ́ epo tàbí àdín, tó ń rò ó lórí iná títí á fi dì, ìyá yẹn ti mọ ìdajì iṣẹ́ gíríìsì. Nítorí gíríìsì kì í ṣe epo lásán. Epo tí ọṣẹ dì mú ni. Epo lásán máa ń ṣàn lọ. Ọṣẹ ló ń dá a dúró síbi tí iṣẹ́ wà, tó ń jẹ́ kó máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀ bí irin ṣe ń yí. Ohun tí àwọn ìyá wa fi ń wẹ̀, òun náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi tọ́jú irin.

Lẹ́yìn náà ni irin wá bá epo nílé. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ní oṣù Kẹta ọdún 1901, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ojú irin yẹn gba Òṣòdì kọjá, wọ́n sì kọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Epo pupa àti ekuro wà lára ẹrù tó ń kó lọ sí etíkun. Kòkó náà dara pọ̀ nígbà tó yá. Títí dòní, ẹni bá lọ sí Òṣòdì á rí i pé ojú irin yẹn ni gbogbo ìlú fi gbára lé: ọjà tẹ̀ lé e, mọ́tò tẹ̀ lé ọjà, mẹkáníìkì sì tẹ̀ lé mọ́tò.

Epo inú ilẹ̀ gba ipò epo ẹyìn

Ní 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo ní Titusville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni epo inú ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé epo ẹyìn kúrò nínú iṣẹ́ irin. Ó pọ̀, kì í tètè kan bí epo pupa, ó sì ń fara da ooru. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọṣẹ kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n fi ẹfun po ọṣẹ gíríìsì. Irú ìyẹn ò bẹ̀rù omi, ṣùgbọ́n tí ooru bá tó nǹkan bíi 100°C, á yọ́. Wọ́n fi sódà pò ó. Ìyẹn fara da ooru, ṣùgbọ́n omi ń fọ̀ ọ́ lọ. Ní 1942, Clarence Earle ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ fún gíríìsì tí wọ́n fi lítíọ́mù ṣe ọṣẹ rẹ̀. Ìyẹn kọ omi, kì í sì í yọ́ títí ooru á fi tó nǹkan bíi 180°C. Òun ló gba ayé. Ọ̀pọ̀ gíríìsì tó wà nínú agolo ní ọjà Ládipọ̀ ní Múṣín, tí kò jìnnà sí Òṣòdì rárá, irú rẹ̀ ni.

Ọdún kan tún wà tó yẹ ká rántí: 1956. Nínú oṣù Kìíní ọdún náà ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Olóíbírì. Nínú oṣù Kẹrin ọdún kan náà ni Malcom McLean, oníṣòwò tó ti ń fi tírélà kó ẹrù, gbé àpótí ẹrù 58 sínú ọkọ̀ ojú omi Ideal X, ó sì gbé wọn láti Newark lọ sí Houston. Ó ti sú u láti máa rí àwọn èèyàn tí ń kó ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ọkọ̀ ilẹ̀ sínú ọkọ̀ omi. Ó ní: kí ló dé tí a ò lè gbé gbogbo àpótí náà lẹ́ẹ̀kan? Ìyẹn ni kọ̀ǹténà. Epo rọ̀bì fún Nàìjíríà lówó, kọ̀ǹténà sì fún wa ní ọ̀nà tí a fi ń ná an. Òṣòdì ni méjèèjì ti pàdé.

Títì, èbúté àti ìlà tírélà

Owó epo ọdún 1970 síwájú sọ Èkó di ibi tí wọ́n ń kọ́ nǹkan tọ̀sán tòru. Ní 1975, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì pọ̀ níwájú èbúté Èkó débi pé ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wọn dúró lójú òkun fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977. Láàárín àkókò yẹn náà ni wọ́n la títì márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì, tó gba Mile 2, Cele, Ìlasamàjà àti Ìyànà Ìsọlọ̀ kọjá. Ìsọlọ̀ ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ nígbà náà. Ọjà Aswani tí àwọn èèyàn ṣì ń ná gba orúkọ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ kan. Ẹrù ń wọlé láti èbúté, ẹrù ń jáde láti ilé iṣẹ́, tírélà ló ń gbé gbogbo rẹ̀.

Níbi tí tírélà bá wà, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì yìí: fọganáísà pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, wẹ́dà, ẹni tó mọ bíréèkì, ẹni tó ń ta òróró nínú gálọ́ọ̀nù, àti ọmọ iṣẹ́ tí aṣọ rẹ̀ ti dúdú tán. Wọn ò kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ìwé. Lẹ́yìn ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ ọ, ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, kí wọ́n tó ṣe fíríìdọ̀mù. Ọ̀gá á ní, "Ìwọ, gbé gíríìsì wá." Ọmọ á ní, "Ẹ gbà á, sà." Ìmọ̀ gba àárín ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìdí tó fi yẹ ká kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, nítorí ohun tí a kò kọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń gbé e lọ.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹsẹ̀ tírélà

Ìlànà náà nìyí, ó sì kan jáàkì kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú omi bákan náà.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹrù kúrò lórí ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ so tírélà mọ́ orí rẹ̀, kí orí máa ru ú. Wọ́n á fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn kó má bàa yí. Ẹni tó bá fẹ́ fi gíríìsì sí jáàkì tó ń ru ẹrù lọ́wọ́ ń fi ẹ̀mí ṣeré. Yàtọ̀ síyẹn, gíríìsì kò ní wọ ibi tí irin ti tẹ irin mọ́lẹ̀.

Èkejì ni fífọ̀. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdógùn-ún kúrò, wọ́n á fi díísù díẹ̀ àti àkísà nu gíríìsì àtijọ́. Gíríìsì àtijọ́ kì í ṣe gíríìsì mọ́; yanrìn ti wọ̀ ọ́. Gíríìsì tí yanrìn wọ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ: jíjẹ ló ń jẹ irin.

Ẹ̀kẹta, wọ́n á yí ọwọ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á sì fetí sílẹ̀. Tó bá ń dún kàkà, eyín gíà kan lè ti kán. Tó bá ń le níbì kan ṣoṣo, ọ̀pá lè ti tẹ̀. Gíríìsì kì í wo irin tó ti kán sàn. Pípààrọ̀ ni.

Ẹ̀kẹrin ni gíríìsì fúnra rẹ̀. Lára ẹsẹ̀ ni ẹnu kékeré kan tàbí méjì wà, bí orí ọmú, tí wọ́n ń ki ìbọn gíríìsì bọ̀. Ti òkè wà fún gíà, ti ìsàlẹ̀ wà fún ọ̀pá. Wọ́n á nu ẹnu náà kí wọ́n tó fi ìbọn sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yanrìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì wọlé. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n á yí ẹsẹ̀ sókè sódò kí gíríìsì lè tàn káàkiri, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Tí jáàkì ọkọ̀ ojú omi kò bá ní ẹnu bẹ́ẹ̀, wọ́n á ṣí ìdérí orí rẹ̀, wọ́n á fi gíríìsì sí eyín gíà, wọ́n á sì kán òróró díẹ̀ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọlé.

Ẹ̀karùn-ún, lára páìpù tó ń wọlé tó ń jáde, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ẹni tó bá kì í bí ìpara kàn ń pe eruku wá jókòó ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló kéré jù. Tírélà tó ń wọ èbúté, tí afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń fẹ́ sí lára, fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú omi tún le sí i, torí inú omi gan-an ni wọ́n ń tì í sí. Ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò kò dà sí i. Tí wọ́n bá fa kẹ̀kẹ́ jáde, kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ ṣan jáàkì àti táyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì lo gíríìsì tí wọ́n dìídì ṣe fún ojú omi.

Àwọn nǹkan kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í ṣe. Wọn kì í fi òróró kọndẹ́mù dípò gíríìsì. Òróró tó ti ṣiṣẹ́ tán nínú ẹ́ńjìnnì kún fún ìdọ̀tí àti èérún irin, ó ń ṣàn lọ, ó sì ń ba awọ ọwọ́ àti ilẹ̀ jẹ́. Wọn kì í da irú gíríìsì méjì pọ̀ láìmọ̀ bóyá wọ́n bára mu, torí ọṣẹ méjì tí kò mọ ara wọn lè tú, kí epo sì ṣàn sílẹ̀. Wọn kì í fi ẹsẹ̀ tírélà lé orí ẹrẹ̀ láìtẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀. Wọn kì í sì í wọ abẹ́ ohunkóhun tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kò sí gíríìsì tó lè rọ́pò ìtì igi tó dúró ṣinṣin.

Kí ló kàn wá?

Ẹlòmíràn lè ní, kí ló wá kan ọmọ tó ń kàwé lórí fóònù? Ó kàn án. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba lu mọ́tò tó wà nísàlẹ̀, ènìyàn mẹ́ta kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ní Ojúẹlẹ́gba náà, kọ̀ǹténà wó lu bọ́ọ̀sì akérò, ènìyàn mẹ́sàn-án kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. A ò sọ pé gíríìsì ló fa èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí a ń sọ ni pé abẹ́ ẹrù tí ẹlòmíràn so là ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Bóyá wọ́n tì í pa dáadáa, bóyá bíréèkì rẹ̀ mú, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró: ẹnì kan tí a kò mọ̀ ló ṣe é tàbí tí kò ṣe é.

Ìtàn Òṣòdì láti bí ogún ọdún yìí, ìtàn wíwó àti kíkọ́ ni. Oṣù Kìíní 2009, ìjọba Fáṣọlá kó ọjà àti ìsọ̀ kúrò lójú títì. Oṣù Kìíní 2016, wọ́n wó ọjà Owónífáàrí. Oṣù Kẹrin 2019, ààrẹ wá ṣí ibùdókọ̀ ńlá. A rántí ọjọ́ wọ̀nyẹn torí àwọn oníròyìn wà níbẹ̀. Títì Àpápá sí Òṣòdì ńkọ́? Wọ́n la á, inú gbogbo ènìyàn dùn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu, ihò di kòtò, kòtò di adágún, tírélà ń sùn sójú títì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láti wọ èbúté. Ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ gbé àtúnkọ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Dangote. Ní oṣù Kejì 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi íntánẹ́ẹ̀tì pe tírélà wọ èbúté. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Ètò. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi! Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ètò gan-an ni kò sí láti ìgbà pípẹ́ wá.

Ẹ wo àwọn dírẹ́bà nínú ìlà gígùn yẹn. Tírélà tó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú òjò kì í ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbó. Omi ń wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ń dógùn-ún. Olówó ọkọ̀ ní kò sí owó títúnṣe nítorí ọkọ̀ kò pa owó. Dírẹ́bà ní tòun ni kóun dé ilé. Ẹni tó ń fi gíríìsì sí i náà sì ń wò wọ́n, kò sẹ́ni tó pè é. Báyìí ni àìtọ́jú títì ṣe ń bí àìtọ́jú ọkọ̀, tí àìtọ́jú ọkọ̀ sì ń padà wá ba títì jẹ́. Wọ́n so kọ́ra bí eyín gíà.

Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí a rí nínú ìtàn yìí. A mọ kíkọ́, a sì mọ wíwó. Ohun tó ṣòro fún wa ni àárín wọn, títọ́jú. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé a ò ní ìmọ̀ rẹ̀. Epo ilẹ̀ yìí ló pa ọ̀pá ọkọ̀ ojú irin àwọn Gẹ̀ẹ́sì lára. Ọgbọ́n ọṣẹ tó wà nínú gíríìsì wà nínú ìkòkò àwọn ìyá wa. Àwọn ọ̀gá tó mọ ìró eyín gíà tó kán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń dàgbà. Àwọn ọmọ tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ márúwá ló ń kó wọn lọ torí owó ojúmọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa gé rìbọ́ọ̀nù. Ẹ kí àwọn àgbà yìí, ẹ ra mínírà fún wọn, ẹ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe kọ́ ọ?" Ẹ gba orúkọ tí wọ́n ń pe irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Gbólóhùn kan láti ẹnu wọn lè ṣe àǹfààní fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ju ojú ìwé mẹ́wàá lórí gómìnà lọ. Irin tí wọ́n tọ́jú kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí ìtàn kì í fi í gbọ́ ọ. Àfi ká lọ bá a níbi tó wà.